Ọwọ́ Tó Ń Kọ̀wé Sójú Tẹlifíṣọ̀n

Morónikẹ́ kò pariwo nígbà tó rí ìkọ̀wé náà. Ó gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì kà á bí olùkọ́ ṣe máa ń ka iṣẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀:

KÌ Í ṢE LATEEF.

Pupa ni lẹ́tà náà, ó rí gbágungbàgun bí ohun tí èèyàn fi ìka kọ sórí iyẹ̀pẹ̀. Igbó inú géèmù ló wà lẹ́yìn rẹ̀, orin géèmù náà sì ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Tolúlàṣẹ ọmọ rẹ̀ ló ni géèmù. Tolú sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn ńlá kan nígboro Ìbàdàn. Kò lajú, kò sọ̀rọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ kan ti gbá a lójú ọ̀nà Erunmu tí kò dúró. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi lè kọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni géèmù kékeré tí Tolú máa ń gbé lọ́wọ́. Inú báàgì tó gbé kọ́ èjìká lọ́jọ́ náà ni géèmù kékeré ọ̀hún wà, báàgì náà kò sì tíì di rírí.

Morónikẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n, ó tún un tàn. Ìkọ̀wé ti lọ. Tí ó bá ti ilé ìwòsàn dé, ó máa ń tan géèmù ọmọ rẹ̀ kó ṣáà lè gbọ́ orin rẹ̀ nínú ilé. Ó wá ń bi ara rẹ̀ bóyá orí òun ti fẹ́ dàrú. Lẹ́yìn náà ló pe àgọ́ ọlọ́pàá Ìyànà Ọ̀fà.

*

Inspẹ́kítọ̀ Kaothar dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í tètè sọ̀rọ̀, ó sì máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà onílé, ìbáà jẹ́ ilé ọ̀daràn ló fẹ́ wọ̀. Kọ́púrà Josiah tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti mú èèyàn ni ẹjọ́ ti parí.

"Màdáámù, ọ̀rọ̀ yìí ti yanjú tipẹ́," ló sọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. "Lateef wà lọ́dọ̀ wa."

Lateef tó ń wí yìí, ọlọ́kadà ará Erunmu ni. Òun ló gbé Tolú dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀, ó wà lára ọ̀kadà rẹ̀, iná iwájú ọ̀kadà náà sì fọ́. Ó ní òun bá ọmọ náà nílẹ̀ ni, ó ní iná ti fọ́ kó tó dọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, Morónikẹ́ gan-an kò gbà á gbọ́. Níwájú gbogbo èèyàn ló ti sọ ní àgọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kó jẹrà síbẹ̀.

Kaothar jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. "Ìyá Tolú, ẹ ṣàlàyé géèmù yìí fún mi bí ẹni tí ò rí irú ẹ̀ rí."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tán, mà. Páàdì yìí ni wọ́n ń mú dání. Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n á máa rìn nínú igbó, ṣùgbọ́n kò mọ̀nà. Ojú géèmù kékeré ni ọ̀nà ti ń hàn. Ohun tí wọ́n bá fi ìka kọ síbẹ̀ á jáde sínú tẹlifíṣọ̀n níbí."

"Ṣé géèmù kékeré ẹlòmíì lè ṣe é?"

"Rárá. Tolú ní àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn, wọn kì í gba àlejò."

Josiah mi orí. "Ìńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ẹni tó jí i lè wà ní Sókótó kó máa kọ̀wé síbí."

Ọ̀rọ̀ yẹn kó ìdààmú bá Morónikẹ́. Tó bá jẹ́ Sókótó ni, ta ni wọ́n máa wá? Kaothar dìde lọ síbi àpótí Wáífáì tó wà lórí tábìlì kékeré, ó fi ìka nu eruku orí rẹ̀.

"Ta ló ń ra dátà sínú èyí?"

"Tolú ni. Kò tíì tàn láti ọjọ́ yẹn."

"Ẹ ò fi fóònù yín ṣí nǹkan kan fún géèmù?"

"Fóònù mi ò ju pípe èèyàn lọ, mà."

"A jẹ́ pé kì í ṣe ìńtánẹ́ẹ̀tì, Bàbá Josiah. Àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú ni." Ó yíjú sí Morónikẹ́. "Tí Tolú bá gbé géèmù kékeré jáde, ibo ló máa ń dé kó tó já?"

Morónikẹ́ ronú. "Ibi kànga. Tó bá dé ibẹ̀, àwòrán á máa gé. Tó bá kọjá ẹ̀, á tán."

Wọ́n jáde lọ síbi kànga. Kò jìnnà rárá, ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Kaothar dúró tì í, ó yí ojú ká. Ẹni tó bá mú géèmù kékeré dání kò lè jìnnà sí ilé yìí ju bí kànga ṣe jìnnà sí i lọ, ìhà yòówù tí ì báà wà. Lọ́wọ́ ọ̀tún, oko ẹ̀gẹ́ ló wà, ó ṣófo. Lọ́wọ́ òsì, ògiri kan ló wà láàárín wọn àti ilé Alhaji Bàṣírù, ọkùnrin tó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti tà nígboro. Wọ́n rí ohun ńlá kan tí wọ́n fi tàpólì bò nínú ọgbà rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Ọkọ̀ tí Alhaji fi ń kó àgbàdo ni. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kọṣẹ́." Ohùn Morónikẹ́ rọ̀. "Ọlọ́run ló fi wọ́n jíǹkí mi, mà. Mọ́tò kékeré wọn ni wọ́n fi ń gbé mi lọ sọ́dọ̀ Tolú lójoojúmọ́. Wọ́n tiẹ̀ ní kí àwọn ààfáà ṣàdúrà fún un ní mọ́ṣáláṣí."

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ńkọ́? Ta ló máa ń jókòó síbẹ̀?"

Ojú Morónikẹ́ yí padà. "Ìyàwó Lateef. Ọ̀sán ni ó máa ń wá. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀ mí. Mi ò ṣí ilẹ̀kùn fún un rí, á jókòó síta títí á fi rẹ̀ ẹ́."

Josiah kò tíì la ẹnu tí wọ́n fi gbọ́ tí orin géèmù yí padà nínú ilé. Wọ́n sáré wọlé. Lẹ́tà pupa ti kún ojú tẹlifíṣọ̀n:

WỌN Ò MỌ̀ PÉ Ó ṢÌ Ń MÍ NÍGBÀ TÍ WỌ́N WA ỌKỌ̀ LỌ.

Josiah sáré lọ sí ilẹ̀kùn iwájú, ó ṣí i. Obìnrin kan jókòó sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé báàgì lé itan. Rùkáyátù ni, ìyàwó Lateef.

*

Wọ́n tú báàgì náà wò. Ìgò omi kan ló wà níbẹ̀, aṣọ ọmọdé kan, àti àkàrà tí wọ́n fi bébà wé. Wọn ò rí géèmù. Josiah ní ó ti jù ú sínú oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n wá inú oko ẹ̀gẹ́ títí, wọn ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ wọ́n mú Rùkáyátù lọ sí àgọ́.

DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, ka ìkọ̀wé náà nínú fóònù tí Kaothar fi ya fọ́tò rẹ̀. "Wọn," ló wí. "Wọ́n pọ̀. Lateef àti àwọn kan ni. Obìnrin yìí mọ gbogbo wọn, ó sì fẹ́ yọ ọkọ ẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ bi í léèrè orúkọ àwọn tó kù."

Kaothar mú àga, ó jókòó síwájú Rùkáyátù. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé òun gan-an. Gbogbo nǹkan ló tọ́ka sí obìnrin yìí, àyè tó jókòó sí, àsìkò tó ń wá, ohun tí ìkọ̀wé ń wí. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ obìnrin náà kò gbọ̀n.

"Ìyá Yasir, ta ló fún yín ní géèmù ọmọ yẹn?"

"Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ géèmù, mà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo lọ bẹ̀. Bàbá Yasir ò gbá ẹnikẹ́ni. Wọ́n dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ kún aṣọ wọn. Wọn ò jẹun. Wọ́n kàn ń sọ pé ọmọ náà ṣì kéré. Àwọn fúnra wọn ló fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ lọ́sibítù. Ṣé ẹni tó gbá èèyàn máa ń fi orúkọ sílẹ̀?"

Kaothar gbé ojú sókè. "Ẹ ò pè é ní Lateef rí?"

"Ta ni?"

"Ọkọ yín."

Rùkáyátù wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò bójú mu. "Orúkọ ọkọ mi? Kí ni mo máa fi máa pe orúkọ ọkọ mi láìní ìdí, mà?"

Fóònù Kaothar dún. Morónikẹ́ ni.

"Mà, ó tún ti kọ ọ́. Báyìí báyìí ló kọ ọ́."

"Kí ló kọ?"

"'Ẹ fi ìyá yẹn sílẹ̀. Wọn ò mọ nǹkan kan.'"

Kaothar wo Rùkáyátù, tó jókòó síwájú rẹ̀ ní àgọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí tábìlì, lófìfo.

*

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń padà lọ, Josiah ni kò lè dákẹ́. "Kò yé mi mọ́, Màdáámù. Mo rò pé a ti mú un."

"Kò yé èmi náà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un kà. 'Kì í ṣe Lateef.' Ta ló lè pe ọkùnrin ọlọ́mọ ní Lateef lásán báyẹn?"

"Kì í ṣe ìyàwó ẹ̀."

"Kì í ṣe àbúrò ẹ̀ náà. Ìyẹn ì bá pè é ní Bọ̀dá Lateef. Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ ọkùnrin yẹn rí. Orúkọ tí gbogbo Ìyànà Ọ̀fà ń pè lẹ́nu ló gbọ́. Èkejì ńkọ́? 'Wọn ò mọ̀ pé ó ṣì ń mí.'"

"Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ nìyẹn. Bí DPO ṣe wí."

"Ìyá Yasir sọ lẹ́ẹ̀kan pé wọ́n dé, wọn ò jẹun, ẹ̀jẹ̀ kún aṣọ wọn. Èèyàn mélòó ló ń wí?"

"Ọkọ ẹ̀ ni. Ẹnì kan ni." Josiah yíjú sí i. "Ẹnì kan ni."

"Ẹnì kan, àgbàlagbà. Ìkọ̀wé kẹta náà pe Ìyá Yasir ní 'wọn'. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ló ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n Tolú, 'ó' ló pè é. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Wàyí o, ẹni tó kọ ọ́ ń tú àṣírí awakọ̀ yìí, síbẹ̀ kò lè yọ ọ̀wọ̀ ẹni náà kúrò lẹ́nu. Ta lèèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún?"

"Fún òbí ẹni," ni Josiah wí. Òun náà ti bí ọmọ.

Nígbà tí wọ́n dé, Morónikẹ́ ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí wọ́n dè mọ́ àga. Kaothar bọ́ bàtà, ó jókòó tì í.

"Ìyá Tolú, mo ní ìbéèrè kan. Nígbà tí Tolú bá mú páàdì, ta ló ń mú géèmù kékeré?"

"Òun náà ni."

"Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń mú páàdì. Ẹ sọ fún mi pé ọkùnrin tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀nà, pé ojú géèmù kékeré ni ọ̀nà ti ń hàn. Ó ní láti jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń fọ̀nà hàn án."

"Mo máa ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín," ni Morónikẹ́ wí. "Mo máa ń wà ní ilé ìdáná, màá gbọ́ tó ń dá rẹ́rìn-ín. Mo rò pé òun nìkan ni." Ó yíjú sí fèrèsé tó kọjú sí ògiri. "Kò dá ṣeré."

"Ta ni ọmọ ilé yẹn?"

"Kifayah. Alhaji kì í fẹ́ kó wọ ilé tí ọ̀dọ́mọkùnrin wà." Ó dìde dúró lójijì. "Mà, ṣé ohun tí mò ń rò lẹ̀ ń rò? Ẹni tó ń gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣé ẹ lè fi páàdì kọ nǹkan padà sí i?"

"Tolú máa ń ṣe é. Ó máa ń mú lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ bi í ní ohun tí ẹ bá fẹ́ bi í."

Josiah rò pé yóò bi í léèrè orúkọ awakọ̀. Morónikẹ́ mú páàdì. Ìka rẹ̀ ń ṣìnà, ó ń pa lẹ́tà rẹ́, ó ń tún un mú. Nígbà tó parí, ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ni:

ṢÉ Ó SỌ̀RỌ̀?

Wọ́n dúró. Orin géèmù ń lọ, ó ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Josiah ti ń rò pé kò ní sí èsì, ìlà pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà díẹ̀díẹ̀:

Ó PÈ MÍ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbọ́ ẹkún, láti òdìkejì ògiri.

*

Kifayah jókòó sórí òkìtì búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé wọn, ó fi híjáàbù bo ẹnu. Géèmù kékeré wà lórí itan rẹ̀. Alhaji Bàṣírù ti jáde síta nítorí ẹkún náà, ó dúró pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nígbà tó rí ọlọ́pàá àti Morónikẹ́ tí wọ́n wọlé, tó rí ohun tó wà lórí itan ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ di ògiri mú.

"Kifayah, níbo lo ti rí i?" Kaothar ló béèrè, ó sì rọra béèrè rẹ̀.

"Orí àpò àgbàdo, mà. Lẹ́yìn ọkọ̀. Báàgì ẹ̀ fò sókè nígbà tí…" Kò lè parí rẹ̀. "Mo rí i nígbà tí à ń já ẹrù. Mo gbé e pamọ́. Bàbá ò mọ̀."

"Ìwọ náà wà nínú ọkọ̀?"

"Mo jókòó tì wọ́n. Ọ̀nà ti ń ṣókùnkùn, Tolú ń ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gbá a, mo yọjú ní fèrèsé. Ó rí mi. Ó ní, 'Kifayah.' Mo ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ní ó ti kú, wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ dúró."

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," Alhaji Bàṣírù wí. "Èmi ni mo wa ọkọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣe fún awakọ̀ tó bá pa ọmọ ọlọ́mọ lójú títì. Wọn ì bá dáná sun wá, èmi àti ọmọ yìí."

Josiah ṣí tàpólì. Béńpà iwájú ọkọ̀ ti wọnú, gíláàsì iná kan sì ti lọ.

Morónikẹ́ ń wo ọkùnrin náà bí ẹni tó ń wá ojú tó mọ̀ nínú èrò. "Lójoojúmọ́ lẹ̀ ń gbé mi lọ síbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ní kí wọ́n ṣàdúrà fún un."

"Mo fẹ́ kó yè ni, Ìyá Tolú."

"Ẹ fẹ́ kó yè, àbí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń sọ̀rọ̀?"

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Alhaji. "Mo fẹ́ kó yè," ló tún wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀.

"Mi ò mọ èyí tí màá gbàgbọ́ mọ́," Morónikẹ́ wí. Kò bínú nígbà tó sọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé ara rẹ̀ tí kò rí i.

Kaothar sún mọ́ Alhaji. "Ti ojú títì yẹn, ìyẹn lè yé mi. Ìbẹ̀rù máa ń sọ èèyàn di ohun tí kì í ṣe. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, ẹ gbọ́ pé ọmọ náà kò kú. Ẹ tún gbọ́ pé a ti ti ẹlòmíì mọ́lé. Ẹ ń lọ, ẹ ń bọ̀, ẹ ń kọjá níwájú àgọ́ wa. Kí lẹ̀ ń sọ fún ara yín?"

Alhaji ronú lórí rẹ̀ gan-an, bí ẹni tó fẹ́ dáhùn lóòótọ́. "Mò ń sọ pé lọ́la," ló wí. "Mo máa ń sọ pé màá wá lọ́la."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Josiah. Josiah kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i. Ó mú un ní apá, wọ́n jọ rìn jáde. Kifayah dìde láti tẹ̀ lé wọn, ó rántí géèmù, ó sì gbé e fún Morónikẹ́ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì nílẹ̀. Morónikẹ́ kò gbà á lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ fa ọmọbìnrin náà dìde.

"Ǹ bá ti wá sọ fún yín lẹ́nu," Kifayah wí. "Mi ò rí bí mo ṣe máa fi ẹnu mi pe orúkọ bàbá mi fún ọlọ́pàá."

"Mo mọ̀," Morónikẹ́ wí. Lẹ́yìn náà ó mi orí. "Rárá. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n má kúnlẹ̀ mọ́."

*

Rùkáyátù ti se oúnjẹ sílẹ̀ ní Erunmu lọ́jọ́ tí wọ́n dá Lateef sílẹ̀, ṣùgbọ́n Lateef kò lọ sílé. Ó ní kí Kaothar bá òun gba ọ̀nà Ìbàdàn.

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ lọ wẹ̀?"

"Ọmọ yẹn di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo fẹ́ gbé e fún àwọn nọ́ọ̀sì, mà. Ó le kó tó jọ̀wọ́ mi. Wọn ò sọ fún mi nínú àhámọ́ bóyá ó ṣì wà."

Morónikẹ́ wà létí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n wọlé. Ó rí ọkùnrin gbígbẹ kan lẹ́nu ọ̀nà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù jákujàku, kò dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà ló dá a mọ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ló sì jókòó lé e. Ó dìde. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu orí àga náà, ó tì í síwájú.

"Ẹ jókòó," ló wí.

Lateef jókòó, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ Tolú. Kaothar dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò bóyá ìka ọmọ náà yóò mira. Kò mira. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń bá a mí. Morónikẹ́ dúró lẹ́yìn Lateef, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sí. Ó ká a sí àyà, ó tú u, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ó gbé ọ̀kan lé èjìká ọkùnrin náà, ó sì fi í síbẹ̀.